Òpó Méjì fún Èjìká Kan

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Télọ̀ fi ń bì sínú ike onídèérí kan láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Abẹ́ ibi ìdáná inú ọkọ̀ ló máa ń gbé ike náà pamọ́ sí, lẹ́yìn ìkòkò kan tí wọn kì í lò. Bí ìgbì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè tó ń jù ú sílẹ̀, Télọ̀ á dìde, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní òun fẹ́ lọ gbé omi tíì kaná. Á sọ̀ kalẹ̀, á ṣe ohun tó bá lọ ṣe, á fi omi atalẹ̀ yọ ẹnu, á sì gbé ife tíì méjì gòkè wá bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó nídìí ìtọ́kọ̀ á gba tirẹ̀, á ní ó ṣeun, á sì dá ojú padà sórí omi. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń ya Télọ̀ lẹ́nu ni pé ike náà kì í rùn. Ó gbà pé àwọn tó ṣe é mọṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Télọ̀ ti fi ọdún mẹ́ta lé ogún, òtítọ́ kò sì tíì yọjú. Ó jọ pé òtítọ́ ti ṣìnà.

Irọ́ náà kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ra ọkọ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n dá aṣọ tuntun fún, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ojú òkun kì í mú kí èébì gbé e. Télọ̀ wo ojú yẹn, kò lè ba ayọ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Ó ní, èébì kẹ̀, àfi bíi pé inú omi ni wọ́n ti bí òun. Ọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìsinmi tí wọ́n bá gbà, orí omi ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni ìyàwó yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Wọ́ọ̀dù ni gbogbo èèyàn ń pè é, láti ilé ìwòsàn títí dé èbúté. Èbúté ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú, kí Ìyá Wọ́ọ̀dù tó mọ ìwé kà ló ti mọ okùn so. Télọ̀ ní tirẹ̀, aṣọ àga ló ń rán: àga pálọ̀, àga mọ́tò, tìmùtìmù oríṣiríṣi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ikùn rẹ̀ nìkan ni kò bá òkun rẹ́.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ẹja pípa, kì í sì í ṣe ti èrò. Ọkọ̀ ìgbòkun, tí aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ ń mú rìn, tí wọ́n fi ń ṣe fàájì lọ sí ọ̀nà jíjìn ni, ó ní ibùsùn ní imú, ó ní tábìlì àti ibi ìdáná láàárín, èèyàn méjì lè gbé inú rẹ̀ fún oṣù kan kí wọ́n máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Òpó gíga kan ṣoṣo ló ní, àwọn wáyà irin sì dì í mú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹnì kan ní láti rìn lọ síwájú lórí ọkọ̀ tó ń mì, kó fi gbogbo agbára fa ìgbòkun wálẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, kó tún fi gbogbo agbára fà á sókè. Ìyá Wọ́ọ̀dù lẹni náà. Télọ̀ ló máa ń di ìtọ́kọ̀ mú nígbà náà, tí á máa gbé itọ́ mì.

Ó wá di lọ́jọ́ kan, nígbà tí Ìyá Wọ́ọ̀dù lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lórí àga tí ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ èjìká òun ti burú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, abẹ́ Ìyá Wọ́ọ̀dù gan-an ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Ó ní dókítà ti wò ó títí, èjìká ọ̀tún òun ti gbó, òun kò gbọdọ̀ fa ìgbòkun kankan sókè mọ́ láyé òun. Nítorí náà, kí àwọn wá ẹni tó máa ra ọkọ̀.

Télọ̀ tẹrí ba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń sunkún ni. Ó rọra dìde, ó wọ yàrá ẹ̀yìn tó ń kó fóòmù sí, ó gbé iwájú orí lé fóòmù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èjìká ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí irú ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí, ó sì tọrọ àforíjì.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ayọ̀ máa ń sọ èèyàn di ọ̀làwọ́. Télọ̀ rò ó pé kò dáa kí òun nìkan máa yọ̀ kí obìnrin yìí sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí òkú kú fún. Ó jáde, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ogbó, ó sọ̀rọ̀ nípa bí ohun gbogbo ṣe ní àsìkò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìtùnú fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, níbi tó lẹ ojú ewé kan mọ́ láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi wé òwú wá fún un. Àwòrán ọkọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ó mà ṣe o. Wọ́n tiẹ̀ ní irú ìgbòkun kan wà lọ́hùn-ún tí kì í gba agbára rárá, tí arúgbó lè máa fi ọwọ́ kan ṣe. Ṣùgbọ́n ibo la ti máa rí irú ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn lásán ni, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ká ní a mọ̀ ni. Ìyá Wọ́ọ̀dù yí sí i. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

"Bàbá wọn, ṣé ó ṣì wù yín ká máa lọ ni?"

Kí ni Télọ̀ fẹ́ sọ? Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi kọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ó ní, "Báwo ni ò ṣe ní wù mí?"

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó dìde, ó rọra ṣí ojú ewé náà kúrò lára ògiri. Ẹnu àìmẹ́nu ti mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé nípa ìgbòkun Ṣáínà ti wà lórí tábìlì oúnjẹ wọn ju àwo lọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣàlàyé oògùn fún àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn. Ìgbòkun àwọn ará Ṣáínà dà bí abẹ̀bẹ̀ ńlá: aṣọ ni, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wá là á ní ìbú sí ìpele ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí afẹ́fẹ́ bá le, èèyàn á kàn tú okùn sílẹ̀ díẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, ìgbòkun á sì ká ara rẹ̀ wálẹ̀ ní ìpele kan bí ẹní. Òpó rẹ̀ kò ní wáyà kankan. Ó gba ihò orí ọkọ̀ wọlé, ó fi ìdí múlẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá bí igi tó ta gbòǹgbò.

Télọ̀ rí i pé òun gbọ́dọ̀ tètè wá nǹkan ṣe. Kò lè sọ pé òun kò fẹ́. Ohun tó lè ṣe ni kó máa fi ọgbọ́n tọ́ka sí ìṣòro. Ó mú ìwé náà, ó kà á dáadáa ju bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kà á lọ, ó sì rí ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ ti mẹ́hẹ. Ó ní gbogbo ọ̀pá yẹn máa wúwo. Ìgbòkun tó ní ọ̀pá mẹ́fà nínú, ta ló fẹ́ fà á sókè, ṣé èjìká yẹn náà ni?

Ìyá Wọ́ọ̀dù ronú sí i di ọjọ́ kejì. Ó ní ọkọ òun sọ òótọ́, Ọlọ́run ló ṣe é tó fi ń kàwé. Ó ní kí àwọn pín ìgbòkun sí méjì, kí ọkọ̀ ní òpó méjì, kí ìwúwo kálukú dínkù. Báyìí ni òpó kan ṣe di méjì láti ẹnu Télọ̀.

Káfíńtà kan wà ní ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, A-Máa-Rí-I ni wọ́n ń pè é, torí ìyẹn nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè. Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún. Lọ́jọ́ tó wá wọn ọkọ̀, Télọ̀ bi í pé níbo ló ti fẹ́ rí òpó méjì tó gùn, tó le, tó sì fúyẹ́, tí kò ní wáyà tó máa dì í mú. Káfíńtà ní àwọn máa rí i. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àfi kí àwọn lọ fa òpó iná títì tu nìyẹn. Káfíńtà dúró. Ó yọ pẹ́ńsù létí. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ń pààrọ̀ òpó iná ní títì ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, aluminíọ̀mù ni àwọn ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹni tó bá kó wọn kúrò bá wọn túnlẹ̀ ṣe ni. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, òpó iná méjì ti nà gbalaja nínú ọgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà títì lára wọn. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ìlú mìíràn tẹ̀ wọ́n láago láti béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́.

Télọ̀ ṣì ní ọfà kan lápó. Nígbà tí wọ́n fi ẹfun sàmì sí ibi tí òpó iwájú máa gbà wọlé, ó rí i pé àárín ibùsùn gan-an ni. Ó pe ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ fi hàn án pé òpó iná máa dúró sáàárín tọkọtaya. Ó ní òun kò ní fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ya àwọn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ìyá Wọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ sí apá kan, ó ní kí ó dùbúlẹ̀ sí apá kejì, ó gbé pátákó kan sáàárín, ó dijú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni ìgbọ̀nwọ́ ọkọ òun ti ń gún òun níhà, òun kàn ń fara dà á ni.

Wọ́n yọ òpó àtijọ́, wọ́n tú wáyà rẹ̀, wọ́n lu ihò méjì sórí ọkọ̀, wọ́n fi igi tó nípọn ṣe ìjókòó fún ìdí àwọn òpó náà nísàlẹ̀. Ó wá ku aṣọ. Kò sí ẹni tó ń rán irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ìyá Wọ́ọ̀dù kò tilẹ̀ béèrè. Ó kó aṣọ tápólì aláwọ̀ ilẹ̀ pupa wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì ìgéṣọ, ó sì lọ.

Èrò ibi wọ ọkàn Télọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò ó pé bí òun bá rán an burúkú, ìgbòkun kò ní gba afẹ́fẹ́, ọkọ̀ kò ní rìn, wọn á sì tà á. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó ní kí òun rán wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ fún un. Ogójì ọdún ló ti fi ń rán nǹkan gún régé. Bó ṣe ń gbìyànjú láti ba ojú abẹ́rẹ́ jẹ́ ni ìka rẹ̀ ń tún un ṣe. Ó tú ìlà kan tó wọ́ díẹ̀, ó tún un rán, kò sì mọ ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Ní ọjọ́ kẹta, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé ní kí wọ́n rán aṣọ ìgbòkun pẹrẹsẹ bí aṣọ ibùsùn. Télọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Aṣọ tí kò ní ikùn kì í lágbára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sórí tìmùtìmù tí wọ́n rán pẹrẹsẹ. Ó gé ìpele kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gé aṣọ tìmùtìmù, ó ká etí rẹ̀, ó jẹ́ kí ó yọ ikùn díẹ̀, ó wá so wọ́n pọ̀ mọ́ra níbi tí ọ̀pá máa gbà. Ìpele mẹ́fà fún ìgbòkun iwájú, méje fún ti ẹ̀yìn. Nígbà tó gbé ọ̀kan kọ́ síta tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, aṣọ náà wú, ó fa okùn tán-án. Télọ̀ dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìdí tí kò fi yẹ kó dùn.

Kí á sọ òótọ́, oṣù mẹ́rìndínlógún tí ọkọ̀ náà fi wà lórí ilẹ̀ ni ìgbà tí Télọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọkọ̀ dúró lórí igi, kò mì. Télọ̀ ń jẹun ọ̀sán nínú rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn lórí ìdajì ibùsùn tirẹ̀, ó ń mu tíì tí kò ní padà wá sókè. Ó mọ gbogbo okùn lórúkọ. Bí èèyàn bá wọ ọgbà tó béèrè ìbéèrè, Télọ̀ á ti fi ṣíbí sílẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ìgbà yẹn náà ló ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ìyá Wọ́ọ̀dù ń gbé pátákó. Ó ń fi ayùn gé igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òpó ẹ̀yìn, òun àti káfíńtà ló gbé orí rẹ̀, èjìká ọ̀tún ló sì fi gbé e. Nígbà tí Télọ̀ béèrè, ó ní iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Kò pẹ́ sí i, dókítà fúnra rẹ̀ gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n pààrọ̀ awọ rẹ̀. Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú ìyàwó òun. Dókítà wò ó, ó ní ìtọ́jú wo, ìpara lásán ni òun fún Màmá, tí òun ní kí wọ́n fi pa èjìká fún ọ̀sẹ̀ méjì. Eegun Màmá le ju ti òun lọ.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Télọ̀ kò rán nǹkan kan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí èjìká kò bá ṣe obìnrin yìí, kí ló dé tó ní kí àwọn ta ọkọ̀? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: òkun ti sú u. Ó ti sú u, ojú ń tì í láti sọ, ó wá fi èjìká bojú. Òun Télọ̀ ló sì fi ọ̀rọ̀ Ṣáínà dí i lọ́nà, tó fi di ẹni tó ń gbé òpó iná lọ́jọ́ ogbó. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ìrètí sì tún sọjí nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́nà ẹ̀yìn. Ó ní kò di dandan kí ọkọ̀ padà sómi. Ó ní ó rẹwà báyìí nínú ọgbà, èèyàn lè máa lọ jókòó síbẹ̀ gba atẹ́gùn.

Ìyá Wọ́ọ̀dù fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn gbogbo aṣọ tí ẹ jókòó rán yẹn? Tí mo ń rí bí ojú yín ṣe ń dán? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe irú ẹ̀ fún yín láé. Ọkọ̀ yẹn máa wọ omi."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń ti ara wọn lọ sójú òkun, kálukú nítorí ẹnì kejì.

Kíréènì gbé ọkọ̀ sínú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. A-Máa-Rí-I wo bí ihò orí ọkọ̀ kò ṣe jò, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó lọ wá oúnjẹ jẹ. Tọkọtaya bọ́ sí i. Ìyá Wọ́ọ̀dù fa okùn kan, ìgbòkun iwájú gòkè. Ó fa èkejì, ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Aṣọ náà yọ ikùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ sì ta kúrò ní èbúté bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ibẹ̀ ni Télọ̀ ti mọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ojú ìyàwó rẹ̀ kì í kúrò lórí okùn, ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbé tíì kaná. Ní báyìí kò sí nǹkan kan láti ṣe. Gbogbo okùn ló wá sí ibi kan náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó dojú kọ ara wọn, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé wọn sókè, ó jù wọ́n sílẹ̀. Èkejì dé. Télọ̀ ní òun fẹ́ lọ gbé omi kaná. Ìyá Wọ́ọ̀dù ní òun ti po tíì sínú fíláàsì, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Télọ̀ ní ó fẹ́ jọ pé òun gbàgbé nǹkan kan nísàlẹ̀. Ó dìde, kò dé ibi tó ń lọ. Etí ọkọ̀ ló bá, ó dojú kọ omi, ó bì ní gbangba, lójú ọ̀sán, níwájú ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, táwẹ́lì kan ti wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti ká a, omi sì ti rin ín. Ẹni tó mú un wá ti múra sílẹ̀ láti ilé.

"Ẹyin tí mo jẹ láàárọ̀ ni," ni Télọ̀ wí.

"Bàbá wọn," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù dáhùn, "ta lẹ rò pé ó ń fi ọṣẹ fọ ike yẹn láti ogún ọdún wá?"

Télọ̀ nu ẹnu. Ó wá ibi tó máa fi ojú sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ omi. Ó wá béèrè ìdí tí ìyàwó òun kò fi sọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù ní òun náà fẹ́ béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi ṣe nọ́ọ̀sì, ọjọ́ kejì tí àwọn wọ ọkọ̀ ni òun ti gbóòórùn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá lè bì tán kó sì gbé tíì gbígbóná wá fún èèyàn, òun rò pé ìfẹ́ ọkọ̀ ló pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun kò fẹ́ dójú tì í. Títí tó fi di ọdún méjì sẹ́yìn, tó bì títí tí ojú rẹ̀ fi jìn, tí òun wá sọ fún ara òun pé ó tó gẹ́ẹ́. Òun ló wá dá àìsàn èjìká sílẹ̀ fún ara òun, kí àwọn lè ta ọkọ̀ láìsí ìtìjú fún ẹnikẹ́ni.

"Mo ti fi tìrònú-tìrònú sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "ẹ wá gbé Ṣáínà jáde. Mo ní, há, ọkùnrin yìí fẹ́ràn òkun ju ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ."

"Mo rò pé o ní ìbànújẹ́ ni," ni Télọ̀ wí. "Mo ń tù ọ́ nínú ni."

Ìyá Wọ́ọ̀dù wo òpó iná iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Télọ̀ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìgbì kẹta ti dé, ó sì ní ohun mìíràn tó fẹ́ ṣe létí ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe é láìkánjú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìtura wà nínú kí èèyàn máa bì láìsí pé ó ń fetí sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n yí ọkọ̀ padà. Kò gba nǹkan kan ju kí Ìyá Wọ́ọ̀dù ti ìtọ́kọ̀ lọ. Àwọn ìgbòkun yí ara wọn sí apá kejì bí ìlẹ̀kùn. Lójú ọ̀nà èbúté ló ti sọ̀rọ̀ sókè, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ọkọ̀ yìí mà rọrùn o, ẹnì kan ṣoṣo lè máa lò ó. Télọ̀ gbọ́. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀ náà. Títí wọ́n fi dé èbúté, kò sí ẹni tó parọ́ kankan mọ́.

Ọkọ̀ náà kò ní oníbàárà tó fẹ́ rà á, torí kò sí ẹni tó wá oníbàárà. Láti ọdún yẹn, Ìyá Wọ́ọ̀dù ló ń dá tù ú láti èbúté kan dé èkejì lẹ́bàá etíkun. Télọ̀ ń gba orí ilẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àpò kan tó kó abẹ́rẹ́, òwú àti aṣọ ìlẹ̀mọ́ sí. Òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Á wá ìjókòó létí omi, á máa wo ọ̀nà.

Ní èbúté kẹta tí wọ́n dé báyìí, àwọn apẹja kan dúró tì í nígbà tí ìgbòkun pupa méjì yọ. Wọ́n ń jiyàn lórí irú ọkọ̀ tó jẹ́. Télọ̀ kò dá sí i. Ó dìde, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ojú rẹ̀ sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ti bàbá tó rí àléébù lára ọmọ níwájú àlejò. Nígbà tí Ìyá Wọ́ọ̀dù so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tán, Télọ̀ kò kí i kú ìrìn.

"Ìpele kẹrin lẹ́yìn," ó ní, "ó ń jó pẹ́pẹ́. Láti ìgbà wo?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù ní láti àná. Ó ní kò kúkú dí òun lọ́wọ́. Télọ̀ ní ìyẹn kọ́ ni òun béèrè. Ó ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀ jáde. Wọ́n tú ìpele náà sílẹ̀ lára ọ̀pá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tí oòrùn ti mú gbóná, Télọ̀ jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlà tí kò gún. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ṣì tutù, ó ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì ń ròyìn ẹyẹ ńlá kan tó bà sórí òpó iwájú fún odindi ìdajì ọjọ́ tí kò sọ̀rọ̀, tí kò sì fẹ́ lọ.